Ojú-Ìwé Mẹ́jọ Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín, àlàáfíà fún yín, àti fún ẹni tó jókòó tì yín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó fún wa ní ojú tí a fi ń kàwé, tó sì fún wa ní ọkàn kí ohun tí ojú bá kà lè ríbi gbé. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ orí yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kọ̀, kò wá. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan ní Festac ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fúnra yín dá a lẹ́jọ́.

“Ẹsẹ kẹrìnlélọ́gọ́ta!”

Margaret ló ké bẹ́ẹ̀ láàárín pálọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù. Àdúrà òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìwé orin ṣì wà lórí àga. Fikáyọ̀ ọmọ rẹ̀ dúró síwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọdé tó fẹ́ ka akọ́sórí lọ́jọ́ ìkórè, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

“Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀gá rẹ̀ bá pàṣẹ ohun tí kò bófin mu fún,” Fikáyọ̀ ń kà á láìwòwé, ojú rẹ̀ wà lókè àjà, “ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni...”

“Ẹsẹ karùn-úndínláàádọ́rin!”

“...kí a gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí ẹ̀yìn ọjà, kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kí a sì máa da eérú sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

“Ó péye! Ògo ni fún Ọlọ́run.” Margaret sàmì sí i.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Inú háńdáòtì ló wà, ìyẹn ìwé fọ́tòkọ́pì tí Dókítà tó ń kọ́ wọn nípa iṣẹ́ ìjọba ní yunifásítì fi dandan lé e pé kí olúkúlùkù rà lọ́wọ́ òun. Dókítà yìí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn o. Ti ìwé ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ti ṣubú. Ohun tó wà nínú háńdáòtì gẹ́lẹ́ ló ń fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Fikáyọ̀ ti ṣubú nínú ẹ̀kọ́ náà. Ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ti òní, ní aago méjì ọ̀sán. Òfin ilé-ìwé wọn sì ni pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta nínú ẹ̀kọ́ tó pọn dandan, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé.

Kíka ìwé náà gan-an, ìyà ni. Gbólóhùn kan á bẹ̀rẹ̀ lókè ojú-ìwé, á máa fà, á máa fà bí okùn kànga, tí o bá wá fà á dókè tán, kò sí omi nínú garawa. Ìgbà tí Margaret rí i pé ọmọ náà ń sunkún sórí ìwé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni Margaret. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń fi akọ́sórí sọ́mọ lẹ́nu, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbàgbé tirẹ̀ rí níwájú ìjọ. Ó mú bírò pupa, ó gé háńdáòtì náà sí ẹsẹẹsẹ bí Ìwé Mímọ́, láti ẹsẹ kìn-ín-ní títí dé igba ó lé méjìlá. Láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, ẹsẹ mẹ́wàá. Láti ìgbà náà, ẹkún dá. Fikáyọ̀ ò sì béèrè ohunkóhun mọ́.

Gbọ́lágadé, ọkọ Margaret, jáde láti yàrá, ó ń nu awò ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kó tó fẹ̀yìntì.

“Kòtò kẹ̀?” ó ní. “Ọ̀gá pàṣẹ tí kò bófin mu, ìwọ wá lọ ń gbẹ́ kòtò?”

“Ẹ káàárọ̀ sà.” Fikáyọ̀ kúnlẹ̀.

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ohun tí ò ń kà yé ọ?”

“Bàbá Fikáyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da orí ọmọ yìí rú,” Margaret dá a lóhùn. “Ta ló ní kó yé e? Wọ́n ní kó kọ ọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó yé e ńkọ́, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Ẹ ti gbàgbé ohun tí Dókítà kọ sára ìwé ìdánwò rẹ̀?”

“Mo kàn ń béèrè ni.”

“Ẹ béèrè lọ́wọ́ Dókítà.”

Ọkùnrin náà jókòó, ó gbé ìwé ìròyìn àná sójú.

Margaret gbé ọ̀gì gbígbóná àti àkàrà sórí tábìlì. “Jẹun kíá, ká tún ti ẹsẹ kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀.”

“Mọ́mì, ó ti sú mi.”

“Kò gbọdọ̀ sú ọ. Lónìí kọ́.”

“Ó ti sú mi, mà! Mo kúnlẹ̀ àdúrà lálẹ́ àná, ẹsẹ ogójì ló ń jáde lẹ́nu mi! Mo ní kí Ọlọ́run fún mi ní ‘ìlànà pínpín agbára láàárín ẹ̀ka’!” Fikáyọ̀ fi ọwọ́ ti háńdáòtì náà sẹ́yìn. Ìwé lu abọ́, abọ́ yí, ọ̀gì sì dà sórí ẹsẹẹsẹ láti òkè délẹ̀.

Ọ̀gì ń kán sílẹ̀, tó, tó, tó.

Gbọ́lágadé ló kọ́kọ́ dìde. Ó fa irin tí wọ́n fi di háńdáòtì náà pọ̀ yọ, ó mú àkísà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu bébà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ fáànù. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé nìyẹn. Ní yàrá fáìlì, kò sí bébà tó ń wọlé tí kì í kọ nọ́mbà sí igun rẹ̀. Bí ìkan bá sọnù, iṣẹ́ á dúró títí wọ́n á fi rí i. Ó ń tò wọ́n lọ, ó ń wo nọ́mbà tíńtín tó wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò wò rí nínú ilé náà. Ó dúró. Ó mú bébà kan, ó wo iwájú rẹ̀, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún yí i padà.

“Ìyá Fikáyọ̀.”

“Sà.”

“Wá wo nǹkan.”

Iwájú bébà náà, ojú-ìwé kẹtàdínlógún. Ẹ̀yìn bébà kan náà, ojú-ìwé kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Margaret bẹ̀rẹ̀ sí wo abẹ́ àga. “Ìyókù ti já bọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá a.”

“Kò já bọ́. Ojú-ìwé méjèèjì ló wà lára bébà kan. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ojú-ìwé mẹ́jọ ni wọ́n fò.” Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.”

Fikáyọ̀ ti kúnlẹ̀ ti bébà náà. Nísàlẹ̀ iwájú rẹ̀: ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni. Lókè ẹ̀yìn rẹ̀: kí a gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ọ̀gá lọ́tọ̀, ìmọ́tótó ọjà lọ́tọ̀. Láàárín méjèèjì, bírò pupa ìyá rẹ̀: ẹẹ́rìnlélọ́gọ́ta, aárùn-úndínláàádọ́rin, nọ́mbà tẹ̀lé nọ́mbà, bíi pé kò sí ohun tó sọnù.

“Mo ti ń ka kòtò yìí láti oṣù méjì,” ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó tẹ Dammy láago. Dammy jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Raji Rasaki Estate ló ń gbé, òun ti yege ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó kọjá. Òun náà ní ìdánwò mìíràn lọ́sàn-án yìí, wọ́n ti ṣàdéhùn láti jọ lọ. “Bá mi mú háńdáòtì tìẹ dání,” Fikáyọ̀ sọ fún un. “Jọ̀ọ́, máa bọ̀ báyìí.”

Kí Dammy tó dé, Ìyá Lilian tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ti kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun wá yá ìgbálẹ̀. Ojú rẹ̀ ti dé abẹ́ fáànù kí ẹnu rẹ̀ tó pa dé.

“Ẹ kú àárọ̀ o. Hẹ̀ẹ́! Ṣé ìwé lẹ fọ̀ ni?”

Margaret sọ fún un. Inú ń bí i débi pé kò lè má sọ.

Ìyá Lilian fi ìgbálẹ̀ tí wọ́n yá a há abíyá. “Ìyá Fikáyọ̀, nítorí ìyẹn lẹ ṣe ń pariwo? Lilian tèmi ti sọ fún mi tipẹ́ pé, ‘Mọ́mì, wọn kì í béèrè ọ̀rọ̀ ní yunifásítì yẹn.’ Ohun tí wọ́n bá fún un ló ń dá padà fún wọn, bí ẹni dá abọ́ padà fún olóńjẹ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì báyìí. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kòtò tiyín yìí, àwọn tó jìn sí i ló ń yege!” Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Dammy wọlé bá wọn níbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ káàárọ̀ sà. Fíkà, kí ló dé? O kó mi láyà jẹ, mi ò tiẹ̀ lè jẹun.” Ó na háńdáòtì tirẹ̀ sí Gbọ́lágadé. Ọkùnrin náà ò ka nǹkan kan nínú rẹ̀, nọ́mbà ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣí wò. Ẹẹ́rìndínlógún. Ẹẹ́tàdínlógún. Ẹẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

“Ti ọdún tó kọjá náà,” ó ní.

Bébà kan já bọ́ láàárín háńdáòtì náà: tẹ́ẹ̀sì tí Dammy ṣe lọ́dún náà, tí Dókítà ti máàkì. Gbọ́lágadé gbé e sójú. Ìbéèrè nípa àṣẹ tí kò bófin mu náà nìyẹn, ìdáhùn Dammy sì nìyẹn lábẹ́ rẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sídìí rẹ̀: kòtò ìdọ̀tí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, eérú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Dókítà fi bírò pupa sàmì ńlá pé ó péye. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Dammy bú sẹ́rìn-ín. “Chai! Èmi ni mo kọ eléyìí? Kòtò! Mo tiẹ̀ tún fàlà sí i!” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá wo ojú Bàbá Fikáyọ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ.

“Ó máàkì rẹ̀,” ọkùnrin náà sọ. “Ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì wò ó, ó sì máàkì rẹ̀.”

“Sà, kì í kà á. Ó kàn ń wo bóyá ó jọ ti inú ìwé ni.”

“Fi tẹ́ẹ̀sì yìí sílẹ̀ fún mi.”

Dammy já a gbà, ó dì í mọ́ àyà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà. Máàkì ‘A’ mi nìyẹn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ mi ló ti jáde ńkọ́?”

Gbọ́lágadé ò tún un béèrè.

Fikáyọ̀ kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀. “Dádì, kí ló wà nínú ojú-ìwé mẹ́jọ náà? Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kí ni òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe?”

“Ìyẹn kò gba ojú-ìwé mẹ́jọ. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá náà pé, ‘Ohun tí ẹ ní kí n ṣe yìí kò bófin mu, ìdí rẹ̀ nìyí.’ Yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Yóò kọ déètì. Ó tán.”

“Ẹ ti ṣe é rí, sà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan.”

“Wọ́n wá ṣe yín báwo?”

Margaret ló dáhùn. “Wọ́n gbé wọn lọ sí Òkè Ọya fún ọdún mẹ́rin. Èmi nìkan ni mo bí ọ, èmi nìkan ni mo sọ ọ́ lórúkọ.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ga. “Ẹ má pa ọmọ mi o! Kòtò ni Dókítà fẹ́, kó kọ kòtò! Kó gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, kó da eérú sí i, kó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kó jáde! Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ̀yin náà mọ̀.”

“Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá,” Gbọ́lágadé sọ, “kí lo kọ́ àwọn ọmọ?”

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí Margaret kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ti ń kọ ọ́ lórin káàkiri klósì, àdúgbò kékeré tí ilé wọn wà, láti ọjọ́ náà: ahọ́n tí kò purọ́. Ìyá Lilian rántí pé òun ní nǹkan lórí iná. Ó lọ, kò tiẹ̀ mú ìgbálẹ̀ náà dání mọ́.

Aago mọ́kànlá, Fikáyọ̀ ká bébà rẹ̀ tó ń rùn bí ọ̀gì kíkan, ó sì bá Dammy jáde. Kò jẹun. Kò sì sọ ohun tí yóò kọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán náà gùn. Margaret ń din ẹja tó rà ní Abúlé Adó, ó ń din ín láìwo ojú rẹ̀, méjì jóná. Gbọ́lágadé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí iná ò sí nídìí rẹ̀. Nígbà tí aago méjì lù, àwọn méjèèjì gbójú sókè wo ògiri, wọ́n sì gbójú wálẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin náà jáde láti kíṣíńnì pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

“Èmi ni mo fi nọ́mbà bò ó,” ó sọ. “Bí mi ò bá kọ ẹsẹ sí i ni, ojú ọmọ náà ì bá ti rí i.”

“Kì í ṣe ìwọ lo tẹ̀ ẹ́.”

“Mo sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i lẹ́nu.” Ó fi apá nu ojú. “Mo ń sàmì sí i, bí Dókítà náà ṣe ń sàmì sí i.”

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó lọ bá a yí ẹja tó wà lórí iná.

Ó ku díẹ̀ kí aago méje lù nígbà tí Fikáyọ̀ wọlé, Dammy tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ̀bà ti wà lórí tábìlì. Fikáyọ̀ kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó jókòó. Wọ́n ń wò ó.

“Ó béèrè rẹ̀,” ó bẹ̀rẹ̀. “Ìbéèrè kẹta. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa. Mo nawọ́ sókè. Mo ní, ‘Sà, ẹ jọ̀ọ́, ojú-ìwé kejìdínlógún títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò sí nínú ìwé tí ẹ fún wa.’ Ó ní, ‘Kọ ohun tí mo fún yín.’ Mo ní, ‘Kòtò náà, sà?’”

“Yéè,” Margaret sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

“Gbogbo họ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí báàgì rẹ̀, ó mú háńdáòtì tirẹ̀ jáde, ó ń ṣí i. Ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Dádì, tirẹ̀ náà kò ní in. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó jọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń ka ojú-ìwé yẹn nìyẹn. Ó pa á dé, ó fi í sínú báàgì, ó ní, ‘Ẹ máa kọ.’ Wọ́n sì kọ ọ́. Mo ń gbọ́ bírò wọn. Igba ọmọ, igba kòtò.”

“Ìwọ ńkọ́?” ni bàbá rẹ̀ béèrè.

“Mo kọ ọ́ pé yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi orúkọ rẹ̀ sí i, yóò sì kọ déètì. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ojú-ìwé mẹ́jọ ni wọn kò fún wa, pé ohun tí wọ́n ní ká kọ kò jẹ́ òtítọ́. Mo fi orúkọ mi sí i. Mo kọ déètì òní. Nígbà tí mo fi ìwé ìdánwò mi lé e lọ́wọ́, ó kà á ní ìdúró. Kò fi í sáàárín ti àwọn yòókù. Ó ká a, ó fi sínú àpò aṣọ rẹ̀. Mọ́mì, ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé mo ti kúrò ní yunifásítì.”

Margaret bu ẹ̀bà fún ọmọ náà. Ó wo abọ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí orí ẹja tó tóbi jù máa ń wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó mú un kúrò níbẹ̀, ó gbé e sínú abọ́ Fikáyọ̀. Gbọ́lágadé fa abọ́ tirẹ̀ mọ́ra, ó ń fi ọbẹ̀ lásán jẹ ẹ̀bà, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń jẹ àsè.

Dammy ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ tẹ́ẹ̀sì ọdún tó kọjá jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú bàbá náà, kòtò, àmì pupa, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

“Ẹ mú un, sà,” ó ní. “N ò fẹ́ ẹ mọ́.”

Ọkùnrin náà wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún gbẹ. Ó wọ yàrá, ó mú páálí fáìlì àtijọ́ kan jáde, ó sì jókòó. “Bí wọ́n bá ní kó máa lọ,” ó sọ, “wọ́n á fi ìwé sọ ọ́. A ó fi ìwé dá wọn lóhùn. Ta ló ní bírò?”

Pupa nìkan ló wà nílé. Margaret fi í lé e lọ́wọ́.

Ó to tẹ́ẹ̀sì Dammy sísàlẹ̀, ó to bébà ojú-ìwé kẹtàdínlógún tó dọ́tí fún ọ̀gì sórí rẹ̀, ó fi bébà funfun kan sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ nọ́mbà sí igun wọn. Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Kò fo ọ̀kankan.

Ìwọ tí o kà á dé ìhín, bóyá ìwọ náà ní ìwé líle kan níwájú tó ń mú ọ sùn, tó ń mú ọ sunkún. Kí Olúwa là ọ́ lójú sí i. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ tí kò ka ohun tó ń tà. Kí ohun tí o mọ̀ má ṣe di kòtò mọ́ ọ lẹ́nu, kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n lọ́jọ́ tí o bá ní láti fi orúkọ ara rẹ sábẹ́ òtítọ́, kí ẹni tí yóò fún ọ lórí ẹja sì wà nílé nígbà tí o bá dé. Àmín, àṣẹ Olúwa.